Ta Ló Jí Láptọ́ọ̀pù Lóru? Àtúnṣe Àṣìṣe Kan Lórí Hibernate

"Ó dá tan lóru." Ẹjọ́ tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń gbọ́ léraléra nìyẹn. Ẹni tó gbé láptọ́ọ̀pù wá yóò búra pé òun fi í sí Hibernate kí òun tó sùn, òun pa á dé, gbogbo iná ara rẹ̀ sì kú. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ yòò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àlàyé kì í jìnnà. Ẹnìkan á ní fáírọ̀ọ̀sì ni. Ẹlòmíràn á ní hákà ló ti ọ̀nà jíjìn wọlé. Ti àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í wọ́n lẹ́nu wọn, ẹ ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́. Ìtọ́jú tí gbogbo wọn ń fẹnu kò lé lórí kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀rọ, kí wọ́n gbé Windows tuntun lé e.

Èrò tó bí àlàyé wọ̀nyí kò gọ̀ rárá bí a bá tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀rọ tó wà ní Hibernate kò ní iná lára mọ́. Ohun tí kò ní iná lára kò lè dá tan. Bó bá wá tan, a jẹ́ pé ẹnìkan ló tàn án láti ìta. Gbólóhùn kejì tọ̀nà, ẹ̀kẹta náà ì bá sì tọ̀nà ká ní òtítọ́ ni àkọ́kọ́. Kì í ṣe òtítọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe yìí fìdí sí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, Intel, Microsoft àti Toshiba gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní ACPI. Òun ló ń sọ bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa lo iná, bí yóò sì ṣe máa sinmi. Ó pín ìsinmi sí ipele-ipele. S3 ni Sleep tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀: ọpọlọ ẹ̀rọ ti dákẹ́, ṣùgbọ́n RAM ṣì ń mu iná díẹ̀díẹ̀ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má baà nù. S4 ni Hibernate. Níbẹ̀, Windows á kọ ohun tó wà nínú RAM sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys lórí dísìkì C, á wá gé iná RAM pẹ̀lú. (Lórí Windows 10, ààyè tí fáìlì yìí sábà máa ń gbà tó 40% ìwọ̀n RAM, ìyẹn bíi 3.2 GB lórí ẹ̀rọ tó ní RAM 8 GB. Àwọn tó ń wá ibi tí ààyè dísìkì wọn wọlé sí, ó yẹ kí wọ́n wo ibẹ̀.) S5 ni Shut down. Lẹ́yìn S5, ipele kan ṣì wà tí wọ́n pè ní G3, níbi tí wọ́n ti yọ ṣájà, tí wọ́n sì ti yọ bátìrì, tí kò sí iná kankan nínú ẹ̀rọ mọ́ àyàfi ti bátìrì roboto kékeré tó ń bọ́ aago. G3 yìí ni àwọn ènìyàn ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé Hibernate kò ní iná. Láptọ́ọ̀pù òde òní, tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì de bátìrì rẹ̀ mọ́ inú, ó ṣòro kó tó dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ tí wọ́n rà á àti ọjọ́ tí wọ́n tú u.

Ohun tó kú ní S4 ni ọpọlọ ẹ̀rọ, RAM, dísìkì àti ojú ẹ̀rọ. Gbogbo ará ilé ti sùn, ṣùgbọ́n mẹ́gáàdì ṣì wà lẹ́nu géètì. Chip kékeré kan tó ń jẹ́ embedded controller ni mẹ́gáàdì ọ̀hún. Ó ń ṣọ́ bọ́tìnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ, ó ń ṣọ́ bóyá ṣájà wọlé tàbí ó jáde, ó ń ṣọ́ ìdérí. Ẹni tó bá ń jiyàn pé kò sí ohunkóhun tó ní iná nínú ẹ̀rọ tó wà ní Hibernate, kó sọ fún wa bí òun ṣe ń tàn án láàárọ̀. Bọ́tìnì tó ń tẹ̀ yẹn kì í so iná pọ̀ mọ́ iná. Àmì lásán ló ń fi ránṣẹ́, ohun kan sì gbọ́dọ̀ wà lójúfò láti gba àmì náà. Ohun tó ń gba àmì bọ́tìnì lè gba àmì mìíràn.

Aago náà kì í sùn. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, kírísítà kan wà tó ń gbọ̀n nígbà 32,768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun ni ẹ̀rọ fi ń mọ ọjọ́ àti wákàtí bí a tilẹ̀ pa á fún oṣù mẹ́fà. Láti orí IBM PC AT ti ọdún 1984 ni aago yìí ti ní áláàmù lára. Tí wákàtí tí a kọ sí i bá pé, á fi àmì ránṣẹ́, ẹ̀rọ á tan. Kò béèrè lọ́wọ́ Windows, nítorí Windows kò sí níbẹ̀ lákòókò yẹn.

Kókó kan wà níhìn-ín tí àwọn onímọ̀ pàápàá máa ń fò. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kúrò ní S4, ohun tó ń ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án: BIOS á kọ́kọ́ dìde, á yẹ ara ẹ̀rọ wò, á fi àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é hàn lójú, lẹ́yìn náà ni Windows á tó wo hiberfil.sys, tí á sì da ohun tó bá níbẹ̀ padà sínú RAM. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá lè tan ẹ̀rọ tí wọ́n Shut down lè mú èyí tó wà ní Hibernate dìde. A ó rí ìwúlò èyí láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó máa wá ẹni tó jí ẹ̀rọ, ṣé Hibernate ló tilẹ̀ wà? Láti ìgbà Windows 8, tó jáde ní 2012, Hibernate kì í hàn lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ́ nígbà tí a bá tẹ àmì iná. Sleep, Shut down àti Restart ló máa ń wà níbẹ̀, àfi bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá wọ Control Panel, tó lọ sí ibi tí wọ́n kọ "Choose what the power buttons do" sí, tó sì fi àmì sí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń búra Hibernate, ìdérí ni wọ́n kàn pa dé, Sleep sì ni ìdérí sábà máa ń mú wá. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun, Sleep ọ̀hún kì í tún ṣe S3 mọ́. Modern Standby ni, èyí tó bá Windows 10 dé ní 2015: ẹ̀rọ wà ní S0, ipele tí ó ti jí, ó kàn rẹ ara sílẹ̀, á sì máa gbórí sókè lóòrèkóòrè láti wo íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí ló ń mú kí láptọ́ọ̀pù máa gbóná nínú báàgì láti Ìbàdàn dé Èkó, tí bátìrì rẹ̀ á sì ti lọ sílẹ̀ kí ẹni tó gbé e tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Kò sí ẹni tó jí i. Kò sùn ni.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ ìyàtọ̀ wà. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì tí ojú ẹ̀rọ sì yọ lẹ́sẹ̀ kan náà, Sleep ló wà. Bó bá jẹ́ àmì ilé-iṣẹ́ ló kọ́kọ́ hàn, tó gbà á ní àkókò díẹ̀ kó tó gbé iṣẹ́ yín padà, Hibernate ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tó dájú ju èyí lọ, kó ṣí Command Prompt, kó tẹ powercfg /a, ẹ̀rọ á ka gbogbo ipele ìsinmi tó mọ̀ fún un.

Ọ̀ràn kan wà láàárín méjèèjì tó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Windows lè ti gba àṣẹ pé bí Sleep bá ti pé ìṣẹ́jú 180, kó bọ́ sí Hibernate. Ẹ wò ó dáadáa: RAM ló ni ohun tí wọ́n fẹ́ kọ sórí dísìkì, ọpọlọ ẹ̀rọ ló sì máa kọ ọ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó wà ní S3 gbọ́dọ̀ jí ná kó tó lè lọ sí S4. Ẹni tó sùn ní aago mọ́kànlá alẹ́ á gbọ́ fáànù ní aago méjì òru, á rí iná kékeré tó ń ṣẹ́jú, kí ó sì tó dìde, ohun gbogbo ti dákẹ́ padà. Ó dájú pé ẹ̀rù á bà á. Láptọ́ọ̀pù ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Aago méjì òru yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn pẹ̀lú. Wákàtí yẹn ni Windows 10 yàn fún ìtọ́jú ara rẹ̀, àyàfi bí ẹ bá yí i padà. Nínú Control Panel, lábẹ́ Automatic Maintenance, àpótí kékeré kan wà tó ń fún iṣẹ́ yìí láṣẹ láti jí ẹ̀rọ. Àwọn iṣẹ́ tó wà nínú Task Scheduler náà ní irú àpótí yìí, wọ́n kọ "Wake the computer to run this task" sí ara rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń tìtorí rẹ̀ dìde ni ti UpdateOrchestrator, òṣìṣẹ́ Windows tó ń rí sí àtúnṣe tuntun, tó sì máa ń fẹ́ tún ẹ̀rọ tàn nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń lò ó. Wọ́n á kọ wákàtí wọn sára aago tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, bí BIOS ẹ̀rọ bá sì gba aago láàyè láti jí i láti S4, á jí i. Láti dá a dúró, ẹ lọ sí Power Options, ẹ wá "Allow wake timers" lábẹ́ Sleep, kí ẹ sọ ọ́ di Disable. Ẹ ṣọ́ra: "Important Wake Timers Only" kì í ṣe Disable. Àwọn tó ṣe pàtàkì lójú Microsoft ṣì lè kọjá níbẹ̀.

Ibi tó yẹ kí àwa tó wà nílẹ̀ yìí ti dúró pẹ́ ni ọ̀rọ̀ iná. NEPA ti di PHCN láti 2005, PHCN náà ti di ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, síbẹ̀ nígbà tí iná bá dé ní òru, orúkọ tí àdúgbò ń pariwo kò yí padà. Láptọ́ọ̀pù tó wà lórí ṣájà gbọ́ pé iná dé. Lára àwọn láptọ́ọ̀pù kan, Dell pàápàá, ohun kan wà nínú BIOS tó ń jẹ́ Wake on AC. Bó bá wà ní títàn, gbogbo ìgbà tí ṣájà bá gba iná ni ẹ̀rọ á dìde, ì báà jẹ́ Hibernate, ì báà jẹ́ Shut down. Ní ìlú tí iná kì í lọ, ènìyàn lè lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún kó má mọ̀ pé ó ní àbùdá yìí. Níhìn-ín, tí iná lè lọ kó sì dé lẹ́ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀ tó mọ́, tí jẹnẹrétọ̀ náà sì ń bọ́ sí àárín wọn, ó ti di àjíǹde ojoojúmọ́. Ẹni tó bá rí i pé wákàtí tí ẹ̀rọ òun ń jí bá wákàtí tí iná ń dé mu, ẹjọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ tí a rà nílẹ̀ yìí á fi ní irú ètò bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó kún Computer Village ní Ìkẹjà, ọ́fíìsì ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ rí ní Bìrìtéènì tàbí Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ kí ẹ̀rọ dìde lóru kí wọ́n lè fi àtúnṣe sínú rẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé. Dell ní ohun tó ń jẹ́ Auto On Time fún irú iṣẹ́ yìí: wọ́n lè ní kó máa tan lójoojúmọ́, tàbí ní ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, tàbí ní ọjọ́ tí wọ́n bá yàn. Àwọn HP ti ọ́fíìsì náà ní irú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá di ohun títà, wọ́n á nu dísìkì rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni wo inú BIOS. Bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ ọ̀gá tó ti gbàgbé ẹ̀rọ yẹn ṣe ń bá a dé Ìkẹjà.

Èyí ló sọ ìtọ́jú tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn di òfo. Orí chip kan lára motherboard ni BIOS àti àwọn ètò rẹ̀ wà. Kò sí lórí dísìkì. Ẹ lè fọ́máàtì dísìkì náà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ fi òmíràn sí i, Wake on AC á wà níbi tó wà. Mo gbà pé fọ́máàtì máa ń dá ẹ̀rọ tí iṣẹ́ Windows ń jí dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí ó pa àwọn iṣẹ́ tó ti kọ orúkọ sílẹ̀ rẹ́. Wọ́n á tún kọ orúkọ padà. Ẹni tó gba owó fọ́máàtì á sì tún rí oníbàárà rẹ̀.

Hákà ńkọ́? Òtítọ́ ni pé ẹnìkan lè jí kọ̀ǹpútà láti ibòmíràn. Wake on LAN ni wọ́n ń pè é, ọgbọ́n àtijọ́ ni látìgbà ẹ̀wádún 1990. Ohun tó ń gba ojú wáyà lọ kò ju bytes 102 lọ: FF mẹ́fà, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀rọ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrìndínlógún. Kò sí àṣẹ mìíràn nínú rẹ̀. Kò lè sọ pé kí ẹ̀rọ ṣí fáìlì tàbí kó fi owó ránṣẹ́. Kò sọ ju "dìde" lọ. Ẹni tó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí yín gbọ́dọ̀ mọ àdírẹ́sì káàdì yẹn, inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú yín ló sì sábà gbọ́dọ̀ wà. Láptọ́ọ̀pù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lórí MiFi nínú yàrá kì í sábà gbọ́ irú ìpè yìí láti Hibernate rárá. Windows fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ṣọ́nà lẹ́yìn Shut down tó ní Fast Startup (ìyẹn Shut down tó ń lo hiberfil.sys kí ẹ̀rọ lè tètè tan), nítorí ẹni tó pa ẹ̀rọ kò retí pé kó máa mu iná. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lè jí ẹ̀rọ lóòótọ́ ni ọ́fíìsì tí wáyà wà lára ẹ̀rọ, tí ariwo lásán láti ara àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń jí i. Fún irú èyí, Device Manager ní àpótí kan lára káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó sọ pé "Only allow a magic packet to wake the computer".

Mi ò sọ pé fáírọ̀ọ̀sì kò lè kọ wákàtí sára aago. Windows fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún sọ́fítíwíà, èyí tó burú náà lè gbà á. Ṣùgbọ́n olè tó ti wà nínú ilé kò nílò láti jí onílé ní òru kó tó ṣiṣẹ́. Á dúró di ìgbà tí ẹ fúnra yín bá tan ẹ̀rọ. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹni tó bá gbé òwe yẹn wọ inú kọ̀ǹpútà á máa dá ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáúnlóòdù lẹ́bi, nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti kọ orúkọ ẹni tó jí i sílẹ̀.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́, èyí ni kò jẹ́ kí n ní sùúrù fún àròsọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Event Viewer, lábẹ́ System, ẹ wá Power-Troubleshooter tó ní nọ́ńbà 1. Ẹ ó rí ìgbà tí ẹ̀rọ sùn, ìgbà tó jí, àti Wake Source. Power Button lè wà níbẹ̀, tàbí Timer pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ tó kọ wákàtí sílẹ̀, tàbí orúkọ ohun kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wákàtí tó wà níbẹ̀ rú yín lójú: UTC ni wọ́n fi kọ ọ́, Z wà níparí rẹ̀. Ní Èkó àti Kútọnu, ẹ fi wákàtí kan kún un. Ní Lómé, bó ṣe wà ni. Iṣẹ́ aago méjì òru tí a mẹ́nu bà á hàn bíi aago kan. Mo ti rí àwọn tí wọ́n tìtorí wákàtí kan yìí jẹ́rìí pé àkọsílẹ̀ ń purọ́. Powercfg /lastwake á sọ ti ìgbà tó kẹ́yìn fún yín, powercfg /waketimers, tí ẹ bá ṣí Command Prompt bí alábòójútó, á sì sọ ẹni tó ti kọ wákàtí sílẹ̀ fún òru òní.

Ìgbà mìíràn, Unknown ni ẹ ó bá níbi Wake Source. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sídìí hákà. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa BIOS: bó bá jẹ́ Auto On Time ló tan ẹ̀rọ, tàbí Wake on AC, tàbí ìdérí tó ṣí díẹ̀ lórí àwọn láptọ́ọ̀pù tí ṣíṣí ìdérí ń tàn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ti parí kí Windows tó dé. Windows kò rí i, kò sì lè dárúkọ rẹ̀. Unknown sábà máa ń tọ́ka sí BIOS. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Oògùn méjì míì wà tí wọ́n máa ń tà fún àìsàn yìí. Ọ̀kan ni kí wọ́n gba ẹ̀tọ́ àtijí ẹ̀rọ lọ́wọ́ mouse. Ó dára fún Sleep. Fún Hibernate, lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, USB kò ní iná tó lè fi jí ohunkóhun ní S4. Bí mouse bá jí tiyín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Sleep ló wà. Èkejì burú díẹ̀: powercfg /h off. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kò ní jí láti Hibernate mọ́, nítorí Hibernate ti parẹ́, òun àti Fast Startup. Láti ọjọ́ náà, Sleep nìkan ló kù tí ẹ bá pa ìdérí dé, bí bátìrì bá sì tán nínú Sleep níbi tí iná kò sí, iṣẹ́ tí ẹ kò tíì sefù lọ nìyẹn.

Àwọn kan á wo Event Viewer, wọn ò ní rí Power-Troubleshooter kankan ní wákàtí tí wọ́n ń sọ, Kernel-Power nọ́ńbà 41 ni wọ́n máa rí. Nọ́ńbà yìí ń sọ pé ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ tàn láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò jí láti ibì kankan: iná já mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí ó dákú níbi tó ti ń gbìyànjú láti kọ hiberfil.sys. Aago àti BIOS kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bátìrì tó ti rẹ̀, dísìkì tó ń kọsẹ̀ tàbí driver tí kò bá Windows mu ló yẹ kí wọ́n wò, ẹni tó bá sì gbé irú ẹ̀rọ yẹn lọ bá oníṣẹ́ kò lọ lásán.